Igbó Omo: erin, àgbẹ̀ kòkó àti àwọn tí wọ́n bí sínú igbó ọba

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Ọ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó gbọ́ tí èrò kan nínú ọkọ̀ ń ké sí awakọ̀ pé òun ń bọ́ sílẹ̀ ní J4. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ á rò pé ìnagijẹ ni. Orúkọ ìlú náà gan-an nìyẹn. Àwọn elétò igbó ló gé Igbó Omo sí wẹ́wẹ́ lórí máàpù, tí wọ́n fún ègé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, J1, J4 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti gé gẹdú àti ibi tí wọ́n ti gbin igi tuntun. Àwọn lébìrà tó wá gbin igi náà pàgọ́ síbẹ̀. Ìyàwó tẹ̀lé wọn, wọ́n bímọ, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í ná, ilé ìsìn dìde. Bí nọ́ńbà orí máàpù ṣe di ibi tí ènìyàn ń pè ní ilé nìyẹn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ohun tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò, pé àwọn tó yọ́ wọ igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, ló ń ba Igbó Omo jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló dé láìpẹ́ yìí, tí wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ pè wọlé, àwọn mìíràn sì wà tí ìjọba bá níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè, ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ àti ẹni tó yọ́ wọlé, orúkọ kan náà, "àwọn tó yọ́ wọ igbó", ni gbogbo wọn ń jẹ́ báyìí. Èmi ò rò pé ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín erin àti àgbẹ̀ kòkó nínú igbó yìí lè lójú níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Kí ni igbó ọba?

Igbó Omo wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ó bá igbó Olúwa ní Oǹdó àti igbó Ṣàṣà ní Ọ̀ṣun pààlà. Nígbà kan rí, ẹgàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ní 1925 ni ìjọba àwọn òyìnbó fi ìwé àṣẹ yà á sọ́tọ̀. Àwọn èèyàn wa pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní igbó ọba. Láyé ìgbà náà, àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ni ìjọba ń lò láti kéde rẹ̀ fún ará ìlú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ "yà sọ́tọ̀" yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kò yà igbó náà sọ́tọ̀ nítorí erin. Nítorí gẹdú ni. Ìrókò, arère, àfàrà, ọ̀pẹ̀pẹ̀, àwọn igi tó ń mówó wá láti òkè òkun, ni wọ́n ń dáàbò bò, kí àgbẹ̀ má baà sun wọ́n níná kí ayùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀tọ̀ ni èyí sí ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè bíi ti Ọ̀yọ́ Ilé tàbí ti Òkomù ní Ẹdó, níbi tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko, kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, kò sì gbọdọ̀ wọlé láìgbàṣẹ. Igbó Omo kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà, láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 sì ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba kan náà tó ń gba owó lórí gẹdú ni a tún ń retí pé kó ṣọ́ ẹranko. Kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti ṣe méjèèjì pọ̀.

Lóòótọ́, apá kan wà tí wọ́n fọwọ́ pàtàkì mú ju ìyókù lọ. Ní 1946 wọ́n ya ilẹ̀ tó tó 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú igbó náà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ewé níbẹ̀. Ní 1977, UNESCO fi Omo sínú ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ "Ènìyàn àti Àyíká". Ẹ wo orúkọ ètò náà dáadáa: ènìyàn ló ṣáájú. Ohun tí ètò náà ń sọ ni pé kí àárín gbùngbùn igbó wà láìfọwọ́kàn, kí agbègbè tó yí i ká jẹ́ ibi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí òde wá jẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣe oko wọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti gbà lórí ìwé pé ènìyàn yóò máa gbé ní etí igbó yìí. Ibo ni ibi tí ènìyàn dé gbọ́dọ̀ parí sí? Ìbéèrè yẹn ni a kò dáhùn.

Àjànàkú tí a ń rí fìrí

Òwe wa sọ pé àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ní Omo lónìí, òwe náà ti fẹ́ yí padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lè wọ igbó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n má fojú kan erin. Ipasẹ̀ ni wọ́n ń rí, kòtò ńlá nínú ẹrẹ̀ etí odò, tí omi ti kún, tí àkèré ti wọ̀. Wọ́n ń rí igi tí erin fi ara yún, tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ èèpo rẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ ọkùnrin gíga kò lè tó. Wọ́n ń rí ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi igi tú u wò, torí nínú ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń mọ ohun tó jẹ. Kóró èso igbó ló sábà ń kún ibẹ̀, àwọn mìíràn á ti máa hù. Erin ni ó ń gbin igbó. Ó ń jẹ èso níhìn-ín, ó ń yà á sílẹ̀ ní ìrìn ọ̀pọ̀ kìlómítà sí ibẹ̀, àwọn igi kan sì wà tí èso wọn tóbi débi pé kò sí ẹranko mìíràn tó lè gbé kóró wọn mì.

Erin inú igbó kìjikìji ni irú èyí tó wà níbẹ̀. Ó kéré sí erin ilẹ̀ ọ̀dàn, etí rẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ sì nà tọ̀ọ́ lọ sísàlẹ̀. Ní 2021 ni àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun, IUCN, ya irú erin yìí sọ́tọ̀ sí ìkejì rẹ̀, tí ó sì kà á mọ́ àwọn tó wà ní bèbè ìparun. Iye tí àwọn tó ń ṣọ́ wọn máa ń dá fún gbogbo Nàìjíríà ni pé erin inú igbó àti ti ọ̀dàn lápapọ̀ kò tó 400 mọ́. Abo erin inú igbó lè lé ní ogún ọdún kó tó kọ́kọ́ bímọ. Oyún rẹ̀ sì ń tó oṣù méjìlélógún. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa abo kan lónìí, kì í ṣe ohun tí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dí.

Erin nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀bọ ọlọ́rùn funfun kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé ju apá ibí yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ. Akika wà, ẹtu wà, àwọn ẹyẹ wà tó jẹ́ pé orúkọ wọn nìkan ni àwọn ọmọ wa mọ̀ nínú àlọ́. Ṣùgbọ́n erin ló ń fa ìjà, torí pé òun ló nílò ilẹ̀ jù. Ọ̀nà tí ìyá ìyá rẹ̀ gbà ni òun náà ń gbà. Bí ó bá dé ibẹ̀ tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹnìkan lójú ọ̀nà, kò mọ̀ pé oko ni. Ó ti jẹ oúnjẹ ọdún kan tán lóru kan kí olóko tó jí. Ẹni tí erin jẹ oko rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò san án padà fún un, bẹ́ẹ̀ ni a ń fẹ́ kó fẹ́ràn erin.

Bí ènìyàn ṣe dé inú igbó

Nígbà tí wọ́n ń ya igbó ọba sọ́tọ̀, òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ kan wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Abà tó ti wà níbẹ̀, wọ́n wọn ilẹ̀ fún un, wọ́n fi í sílẹ̀ bí erékùṣù láàárín igbó. Wọ́n lè gbé ibẹ̀, wọ́n lè dáko níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ kọjá òkúta ààlà. Ìwọ̀n yẹn, ìwọ̀n iye ẹnu tó ń jẹun láyé àwọn bàbá-ńlá ni. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n fún agbo ilé kan nígbà náà, ọmọ ọmọ wọn ló ń pín in báyìí, ilẹ̀ náà kò sì fẹ̀ sí i. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó yóò wá ibi tí yóò ti ro oko. Ibo ni yóò lọ bí kò ṣe òdìkejì òkúta?

Àwọn ìkejì dé pẹ̀lú igi gmelina. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi àjèjì yìí ní Omo, nítorí pé ó ń yára dàgbà. Nígbà tó yá, wọ́n gbìn ín lọ rẹrẹ, torí pé wọ́n fẹ́ kí ó di ìwé ní ilé-iṣẹ́ Ìwopin. Ẹgàn ni wọ́n gé kí wọ́n tó rí ibi gbin gmelina náà. Ilé-iṣẹ́ Ìwopin kò rí bí wọ́n ṣe pinnu rẹ̀, igi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbin sì di ohun tí àwọn onípákó ń gé. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Nínú gbogbo igi tó ti wó ní Omo, èyí tí ìjọba fi àṣẹ gé kò kéré, a kì í sì í kà á mọ́ ọn nígbà tí a bá ń wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Wọ́n nílò ọwọ́ púpọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ètò kan wà tí àwọn fọ́rẹ́sítà ń pè ní taungya, láti ilẹ̀ Burma ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba, kó gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ igi tuntun, kó máa ro ó lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, tí igi bá ti ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ègé mìíràn. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni, níwọ̀n ìgbà tí ègé mìíràn bá wà, tí ẹnìkan sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ igbó gbẹ, àkọsílẹ̀ dáwọ́ dúró. Àgbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ìkẹta ni àwọn oníkòkó, àwọn ni ọ̀rọ̀ òde òní ń bá wí jù. Kòkó kì í dúró sójú kan nílẹ̀ Yorùbá. Láti ìhà Agége ló ti kọjá sí Ìbàdàn. Nígbà tí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú kọ lu oko Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1940, tí ilẹ̀ náà sì ti ń ṣá, ó sún lọ sí Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Ilẹ̀ ẹgàn ni kòkó ń fẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a bá ṣán ẹgàn, ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, koríko kò pọ̀, àrùn kò tíì mọ ibẹ̀. Ẹni tí oko bàbá rẹ̀ ti gbó, tí kò lówó ajílẹ̀, kò sí ọ̀nà tó rọrùn fún un ju kó wá ẹgàn mìíràn lọ. Ẹgàn tó kù sì wà nínú igbó ọba.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá oko yìí. Àgbẹ̀ kì í bẹ igi ńlá lulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àdá ló kọ́kọ́ ń wọlé. Á ṣán àwọn igi wẹ́wẹ́ àti ìtàkùn, á fi àwọn ńlá sílẹ̀. Á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, á gbin kókò, á wá ki ọmọ kòkó sáàárín wọn kí oòrùn má baà pa á. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè, igbó ṣì ni ní ojú rẹ̀. Ní ọdún kejì sí ìkẹta, kòkó á ní òun fẹ́ oòrùn díẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni àgbẹ̀ á fi àdá bó èèpo ìdí igi ńlá yípo, á kó ewé gbígbẹ jọ síbẹ̀, á tanná ràn án. Igi náà kò ní wó. Yóò kú lórí ìdúró, ewé rẹ̀ á rẹ̀, ẹ̀ka á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó bá sì fi máa wó lọ́jọ́ kan tí ìjì jà, kòkó ti ń so lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ké gbàjarè pé igbó ti lọ, ó ti lọ láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nígbà tí owó kòkó ròkè lágbàáyé, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní 2024, kò sí ìkìlọ̀ tó lè dá ẹsẹ̀ dúró. Owó náà ti wálẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kòkó tí wọ́n gbìn nígbà tí owó gorí igi ń bọ̀ wá so, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún.

Ta ló ń gba owó?

Ẹ bi àgbẹ̀ kòkó inú igbó ọba bí ó ṣe rí ilẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ pé ó jí i. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé òun san owó. Ó lè san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀. Ó lè ní òun fún ẹnìkan tó ní òun ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní nǹkan, kò sì ní ìwé lọ́wọ́ tó fi hàn. Gẹ́gẹ́ bí òfin, kò sẹ́ni tó lè ta igbó ọba tàbí fi í háyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìṣe wa, ẹni tó bá ti gbé ọtí àti owó wá síwájú ẹni tó jọ onílẹ̀, ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti ṣe ohun tó tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àtọ̀húnrìnwá, láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ta ohun ìní wọn nílé kí wọ́n tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gé kòkó wọn lulẹ̀, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wọn kì í sí níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ló máa ń wà níbẹ̀, àánú wọn sì ń ṣe mí. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, àjọ aládàáni tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí wọn, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀. Ọdẹ tó ti ń pa ẹran láti kékeré ló mọ ibi tí pàkúté máa ń wà, ló mọ ìró ìbọn ẹni tó wá jalè yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń sùn sínú igbó, wọn kò sì pọ̀ tó ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́. Nígbà mìíràn ẹni tí wọ́n mú, ìbátan ìyàwó wọn ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní kí wọ́n máa fi agbára nìkan ṣe é kò tíì sùn ní abà rí.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ kó sí irú wàhálà yìí. Ní Cross River, ìjọba àpapọ̀ dá ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1991 lórí ẹgàn tó tó 4,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, níbi tí àwọn gọ̀rílà tí kò tó 300 mọ́ láyé ti ń gbé lórí òkè tó pààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Àwọn abúlé kan bíi Okwangwo àti Okwa bá ara wọn láàárín ọgbà náà. Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ pé bóyá wọ́n á kó wọn lọ síbòmíràn. Ilé ayé yí, owó òkè òkun dáwọ́ dúró, abúlé ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n di ará ibi tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má gbé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yẹn kan náà ni Ekuri wà, abúlé méjì tó ní igbó tiwọn tó fẹ̀ tó 33,600 hẹ́kítà. Àwọn ilé-iṣẹ́ agégẹdú wá bá wọn, wọ́n ní àwọn á la ọ̀nà fún wọn bí wọ́n bá fi igi sílẹ̀. Ekuri kọ̀. Wọ́n pín igbó wọn fúnra wọn: ibi tí a kò gbọdọ̀ dé, ibi tí a ti lè ká ewé afang àti èso igbó, ibi oko. Ní 2004 wọ́n gba ẹ̀bùn Equator ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé nítorí iṣẹ́ yẹn. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ la òpópónà ńlá kan kọjá, ó sì fagi lé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn sí ilẹ̀ tó wà ní kìlómítà mẹ́wàá lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ekuri tún dìde. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lé ní 250,000, ìjọba sì gbà láti dín ilẹ̀ náà kù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn agégi kò tíì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ o. Síbẹ̀, nígbà tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì bá dún ní Ekuri, ará ìlú ló ń sáré lọ wo ẹni tó ń gé e, torí igbó wọn ni. Ní Omo, bí ayùn bá dún, ará abà á ní igi ìjọba ni, kí ìjọba lọ wò ó.

Òfin Yúróòpù ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn

Ohun tuntun tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tíì gbọ́, ni òfin tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023. Òfin náà sọ pé kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tó jẹ́ igbó títí di ìparí 2020, tí wọ́n wá gé lẹ́yìn ìgbà náà, kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún wọn gbọ́dọ̀ lè tọ́ka oko tí kòkó náà ti wá lórí máàpù. Bí oko bá tilẹ̀ dàgbà ju 2020 lọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ fọwọ́ sí. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí 2026 ni wọ́n sún un sí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún Omo. Bí kòkó ṣe ń rìn nílẹ̀ wa, alágbàtà máa ń wọ abà wá pẹ̀lú ọ̀kadà, á ra àpò méjì lọ́dọ̀ ẹnìkan, mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, á dà wọ́n pọ̀ ní sítọ́ọ̀ ìlú, ibẹ̀ ni tírélà á ti kó wọn lọ sí Apápá. Kò sẹ́ni tó mọ kóró tó ti inú igbó ọba wá yàtọ̀ sí ti oko tó bófin mu. Bí òfin yẹn bá bẹ̀rẹ̀, olùrà tó bẹ̀rù lè kọ gbogbo kòkó agbègbè náà sílẹ̀. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú tó jogún oko rẹ̀ lọ́nà tó tọ́ á jìyà pẹ̀lú àwọn tó wọ igbó ní àná. Ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n wọn ilẹ̀ fún láyé òyìnbó á jìyà pẹ̀lú, torí kò sí ìwé tó sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Níbi tí mo dúró sí

Mo fẹ́ kí erin wà. Mo sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìjálá tí àwọn ọdẹ wa ń sun fún un kò gbọdọ̀ di oríkì òkú. Ilẹ̀ tí erin kù sí ní Omo, ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń bá ipasẹ̀ wọn, kò yẹ kí oko kankan tún wọ̀ ọ́ láti òní lọ, àwọn oko tó sì dí ọ̀nà erin láti Omo lọ sí igbó tó kù ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ kúrò, bó ti wù kó rí. Ìpinnu líle ni, yóò dun àwọn ènìyàn gidi.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kó kúrò, ká sọ ibi tó ń lọ fún un. Ilẹ̀ wà nínú igbó ọba kan náà tí kì í ṣe igbó mọ́, àwọn ègé gmelina tí wọ́n ti gé, tí koríko ti bò. Ibẹ̀ ni a lè wọn oko sí fún àwọn tí a bá ṣí nípò, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú igi ńlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà sáàárín kòkó wọn. Kí wọ́n sì fi lára owó gẹdú ran abà lọ́wọ́, kí ẹni tí erin jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rí nǹkan gbà. Lílé nìkan, a ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ẹni tí a lé láti ìsàlẹ̀ odò, òkè odò ló gbà lọ, ibi tó sì jinlẹ̀ jù ló tún lọ ṣán, níbi tí ẹ̀ṣọ́ kò ti tètè dé.

Kí èyíkéyìí nínú èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ẹnìkan ní láti rin abà kan sí òmíràn pẹ̀lú ìwé àti bíírò, kó kọ orúkọ baálẹ̀, iye agbo ilé, ọdún tí wọ́n dé, ẹni tó mú wọn wá, ẹni tí wọ́n san owó fún. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ní J4, kí ará abà wá wo orúkọ wọn, kí ẹni tí wọ́n bá fò sọ̀rọ̀, kí àwọn àgbà sì lè na ìka sí èyí tí wọn kò mọ̀.